Ta Ló Rí I?

Gbàǹjo ni wọ́n ń lù lọ́wọ́ nígbà tí a dé Vrijdagmarkt ní ìlú Antwerp, ní orílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀mù. Ọjà Ọjọ́ Ẹtì ni ìtumọ̀ orúkọ náà, ọjọ́ Ẹtì la sì bọ́ sí i. Àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti ń mì, fìtílà, abọ́ tánganran, kẹ̀kẹ́ ọmọdé, gbogbo rẹ̀ ló wà nílẹ̀, ọkùnrin kan sì ń ké iye owó bí ẹni ń pe èrò sí mọ́tò Ọ̀jọọ́. Àbúrò mi obìnrin, ọmọ àbúrò bàbá mi tó ti ń gbé ìlú náà láti bí ọdún mẹ́wàá, fà mí lápá.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra nǹkan kan níbí o. Ẹ rántí ti ọjọ́sí."

Mo rántí. Máàpù kan ni mo rà lọ́jọ́sí, ojú sì ń tì mí nípa rẹ̀ títí di òní. N óò sọ ọ́ tó bá yá.

Ilé tí mo tìtorí rẹ̀ wá kọjú sí ọjà náà. Ilé ìtẹ̀wé Plantin àti Moretus ni, ó ti di mùsíọ́mù báyìí. Àmì ilé náà ni ọwọ́ kan tó yọ láti inú ìkùukùu, tó di kọ́ńpáàsì mú: ẹsẹ̀ kan dúró gbọn-in, èkejì ń yí po. Christophe Plantin, ọmọ Faransé tó wá jẹun dé Antwerp, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé ní ìlú yìí ní 1555, ó sì kó dé ẹ̀gbẹ́ ọjà yìí ní 1576. Ọkọ ọmọ rẹ̀, Jan Moretus, àti àtọmọdọ́mọ wọn ni wọ́n di iṣẹ́ náà mú lẹ́yìn rẹ̀, títí wọ́n fi ta ilé àti gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ fún ìlú ní 1876. Ìdílé náà kì í da nǹkan nù, ohun tó gbà wọ́n là nìyẹn. Ìwé gbèsè, lẹ́tà oníbàárà, ẹ̀rọ, òǹtẹ̀, awo bàbà tí wọ́n ti lò tán, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n tọ́jú. Bí ó bá jẹ́ ilé tiwa ni, ìyá àgbà ì bá ti fi ìdajì rẹ̀ tọrẹ fún aláàárù.

A gba àgbàlá kan kọjá, níbi tí igi àjàrà ti rọ̀ mọ́ ògiri, a sì bọ́ sí yàrá àwọn ẹ̀rọ. Pátákó ilẹ̀ ń ké lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Méjì lára ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ ti wà láti nǹkan bí ọdún 1600, kò sì sí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kankan láyé tí ó ṣẹ́kù tí ó dàgbà jù wọ́n lọ. Ẹni tó bá ti dé ibi tí wọ́n ti ń fún gààrí rí ti mọ bí wọ́n ṣe rí: òpó igi méjì, igi ìdábùú lórí, irin oníkókó tí wọ́n ń lọ́ wálẹ̀ kí ó tẹ ohun tó wà nísàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Mẹ́rìndínlógún irú rẹ̀ ni Plantin ní nígbà tí ọjà yá jù lọ. Àmọ́ ẹ̀rọ yìí kò lè tẹ máàpù tí mo bá wá. Òǹtẹ̀ lẹ́tà yọ sókè, yíǹkì ń dúró sórí rẹ̀. Ti máàpù orí bàbà, inú kòtò ni yíǹkì rẹ̀ ń gbé.

Lẹ́yìn gíláàsì, ní yàrá mìíràn, ni mo ti rí awo bàbà kan. Ó pupa bíi ẹ̀kọ yangan tí wọ́n fi epo pa, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Mo tẹ̀ síwájú títí imú mi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gíláàsì. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó wà lára rẹ̀ kọ ẹ̀yìn síni: òsì di ọ̀tún, ọ̀tún di òsì. Etí òkun kan hàn, n kò dá a mọ̀, nítorí pé ní òdì ni wọ́n fín in.

Fífín ni mo pè é, n kò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó bá a mu tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ mọ iṣẹ́ yìí bí wọn kò tilẹ̀ rí bàbà rí. Ẹ wo ọwọ́ afíngbá dáadáa: nígbà tí ìlà bá fẹ́ ṣẹ́ kọ́lọkọ̀lọ, kì í yí ọ̀bẹ, igbá ló ń yí. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹni tó ń fín máàpù ṣe ń ṣe. Ó gbé awo lé orí ìrọ̀rí awọ tí wọ́n rọ yanrìn sínú rẹ̀, ó ti irin ṣóńṣó sínú bàbà, irin náà dúró síbi kan, ọwọ́ òsì ń yí awo. Ẹ̀há bàbà ń ká sókè níwájú irin bí ìgbà tí èèyàn bá ń fi ọ̀bẹ bó iṣu. Bí ìlà odò bá fi bẹ́ẹ̀ lọ́, awo á lọ́ pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi yíǹkì kùn ún, wọ́n á fi àkísà nù ún, wọ́n á tún fi àtẹ́lẹwọ́ nù ún títí ojú bàbà á fi mọ́ tí yíǹkì á sì ṣẹ́kù sínú ìlà nìkan. Wọ́n á tẹ́ bébà tútù lé e, wọ́n á da aṣọ onírun bò ó, wọ́n á sì rọ́ ọ gba àárín igi róbótó méjì kọjá. Agbára ìrọ́ yẹn ló ń ti bébà wọ inú kòtò lọ bá yíǹkì.

Agbára yẹn náà ló ń jẹ́ kí etí awo wọ inú bébà, tí ààlà kan fi máa ń hàn yí máàpù ká, bí ojú ìkòkò tí wọ́n gbé kúrò lórí iyẹ̀pẹ̀ tútù. Ojú awo ni wọ́n ń pe ààlà náà, àtàǹpàkò lásán mọ̀ ọ́n. Àtàǹpàkò tèmi kò mọ̀ ọ́n ní ọjọ́sí. Ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ, ọkùnrin ẹlẹ́nu dídùn kan ta máàpù Áfíríkà kan fún mi, ó ní ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún. Ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, etí rẹ̀ ti ya díẹ̀, ó dà bí ohun tó ti jìyà. Mo gbé e kọ́ pálọ̀. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni àlejò kan tó ń ṣe iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀, ó fi ọwọ́ ra á lọ ra á bọ̀, ó ní, "Ojú awo dà?" Ó gbé gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi lójú lé e. Àmì tóótòòtó bíi ti inú ìwé ìròyìn ni gbogbo rẹ̀. Tíì ni wọ́n fi rẹ ẹ́. Ó ṣì wà nílé, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná ni mo gbé e lọ.

Bàbá Wọnlẹ̀ ì bá ti fi mí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ ni ní Ìbàdàn, èmi ni mo sì máa ń bá a di orí ẹ̀wọ̀n ìwọnlẹ̀ mú ní àkókò ìsinmi iléèwé. Bí a bá dé oko tí wọ́n ń jà sí, àwọn onílẹ̀ á máa sọ pé pèrègún tó jẹ́ ààlà wà níhìn-ín, àwọn ẹlòmíràn á ní ọ̀hún ló wà kó tó kú. Bàbá á gbọ́ tán. Lẹ́yìn náà á béèrè ẹyọ ọ̀rọ̀ kan: "Ta ló rí i?" Kì í ṣe ta ló gbọ́. Ẹni tó bá ní "wọ́n ní" kò ní rí nǹkan kan gbà lórí pépà Bàbá.

Ìdí nìyẹn tí mo fi dúró pẹ́ níwájú ìwé Abraham Ortelius nínú yàrá tí wọ́n pàtẹ máàpù sí. Ọmọ Antwerp ni, 1527 ni wọ́n bí i. Kì í ṣe ọ̀mọ̀wé ni iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe o. Kíkùn máàpù ló ń kùn. Máàpù á ti orí awo wá ní dúdú àti funfun, òun á fi ọ̀dà kùn ún, á tà á. Ní 1570 ló gbé Theatrum Orbis Terrarum jáde, máàpù ojú ewé mẹ́tàléláàádọ́ta tí ìwọ̀n wọn bára mu, tí wọ́n dì pọ̀ di ìwé kan. Frans Hogenberg ló fín èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ẹni tó bá fẹ́ máàpù gbogbo ayé á máa ṣà wọ́n jọ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ńlá pẹ̀lú kékeré, bí ẹni ń ṣa aṣọ òkìrìkà. Ṣùgbọ́n ohun tó wù mí jù nínú ìwé náà kì í ṣe máàpù kankan. Àkọsílẹ̀ orúkọ ni: Ortelius to orúkọ àwọn tó ya máàpù tó mú lò, mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún nínú ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ó pe ẹlẹ́rìí rẹ̀ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ṣé gbogbo ẹlẹ́rìí náà ló rí ohun tó sọ? Rárá. Mo yẹ ojú ewé Áfíríkà wò. Lójú òkun, ọkọ̀ ojú omi ń bára wọn jà, ẹja abàmì ń yọjú. Nínú ilẹ̀, odò Ọya ń ṣàn láti ìlà oòrùn lọ sí ìwọ̀ oòrùn, ó sì ń tú sínú òkun ní ìhà Senegal. Odò Náìlì ń ti inú adágún méjì jáde jìnnà réré sí gúúsù, nítorí pé Ptolemy, onímọ̀ ilẹ̀ ayé àtijọ́, ti wí bẹ́ẹ̀ ní Alẹksándíríà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan àti ọ̀ọ́dúnrún lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ṣáájú. Ilẹ̀ kún fọ́fọ́ fún orúkọ ìlú. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ibi tí àǹfààní wà láti gbé abẹ́rẹ́ sí.

"Ta ló wá lọ sí gbogbo ibi wọ̀nyí?" àbúrò mi béèrè.

Mo ní ìdáhùn ìbéèrè yẹn la máa bá dé Páríìsì.

Kí a tó jáde, a yà lọ wo iṣẹ́ Gerardus Mercator, ọ̀rẹ́ Ortelius. Wọ́n tì í mọ́lé fún nǹkan bí oṣù méje ní 1544, wọ́n ní ó yapa nínú ẹ̀sìn. Ó padà kó lọ sí Duisburg ní ilẹ̀ Jámánì. Níbẹ̀ ló ti tẹ máàpù ayé jáde ní 1569, bébà méjìdínlógún tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀. Ẹ mú awẹ́ igbá kan, kí ẹ gbìyànjú láti tẹ̀ ẹ́ kí ó tẹ́ pẹrẹsẹ: ó di dandan kí ó fọ́. Bí ayé ṣe rí lọ́wọ́ ẹni tó ń ya máàpù nìyẹn. Mercator yàn láti na igbá náà dípò kí ó fọ́ ọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń súnmọ́ orí ayé, ó ń nà án ní ìbú, ó sì ń nà án ní òró ní ìwọ̀n kan náà, kí atukọ̀ tó bá fi rúlà fa ìlà kan lórí bébà lè tẹ̀ lé ìlà yẹn lórí omi láìyí orí kọ́ńpáàsì padà. Atukọ̀ jèrè. Àwa ni ọgbọ́n náà jẹ ní gbèsè: lórí máàpù yẹn, Greenland àti Áfíríkà dà bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ ìlọ́po mẹ́rìnlá ni Áfíríkà fi ju Greenland lọ. Ọgbọ́n yẹn náà ló wà nínú ọ̀pọ̀ máàpù tí a ń fi ọwọ́ tì sókè tì sódò lórí fóònù lónìí.

Lọ́jọ́ kejì a wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Páríìsì. Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní ìhà gúúsù odò Seine tí wọ́n ti ń ta máàpù àtijọ́. Ṣọ́ọ̀bù tóóró ni, àpótí fífẹ̀ pẹlẹbẹ ló kún ún dé àjà. Obìnrin tó ni ín ti dàgbà. Àbúrò mi ń tú Faransé rẹ̀ fún mi. Nígbà tó gbọ́ pé Nàìjíríà ni mo ti wá, kò sọ̀rọ̀ mọ́, ó fa àpótí kan, ó yọ máàpù méjì, ó sì tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì.

Àkọ́kọ́ ni Áfíríkà ti Willem Blaeu, Amsterdam, láàárín àwọn ọdún 1630. Ẹwà rẹ̀ pọ̀ débi pé ó ń dẹ́rù bani. Àwòrán ìlú mẹ́sàn-án tò sórí rẹ̀, Káírò wà níbẹ̀, Tunis wà níbẹ̀, ilé olódi Elmina wà níbẹ̀. Ní ọ̀tún àti ní òsì, àwọn èèyàn dúró ní méjì méjì nínú aṣọ wọn. Nínú ilẹ̀, erin, ọ̀bọ àti ògòǹgò ń rìn láàárín odò tí ẹnikẹ́ni kò tíì rí. Blaeu kì í ṣe òpè o. Nígbà èwe rẹ̀ ó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Tycho Brahe, àgbà awòràwọ̀ ilẹ̀ Denmark. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan. Àmọ́ ọlọ́jà ni, àwọn olówó Amsterdam sì ń wá ohun tí wọ́n máa gbé kọ́ ògiri. Erin á rẹwà ju àlàfo lọ ní pálọ̀.

Obìnrin náà gbé gíláàsì lé mi lọ́wọ́. Mo wá etí òkun wa, mo rí Benin. Nínú àwọn máàpù Guinea tí àwọn ará Họ́láńdì ń tẹ̀ ní sẹ́ńtúrì yẹn, Curamo ni wọ́n máa ń kọ sí agbègbè Èkó, ẹni tó bá sì dé Victoria Island lónìí ṣì lè béèrè ọ̀nà Kuramo. Olfert Dapper, ará Amsterdam, kọ nípa ilẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ulkami nínú ìwé rẹ̀ ní 1668. Àwọn onítàn gbà pé àwa ni, orúkọ yẹn kan náà ló sì bá àwọn ènìyàn wa dé Kúbà tí wọ́n fi ń pè wọ́n ní Lukumí. Dapper kò dé Áfíríkà rí.

Máàpù kejì kò ní erin. Ti Jean-Baptiste d'Anville ni, Páríìsì, 1749. Lẹ́yìn Blaeu, ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ti inú ọjà Ọjẹ́ bọ́ sínú mọ́sálááṣí lóru. Etí òkun kún: Juda tó jẹ́ Ouidah, Ardra tó jẹ́ Allada, Benin, Kóńgò. Ṣùgbọ́n bí ojú bá ti wọ inú ilẹ̀, bébà funfun ló kù. Funfun gbalaja. D'Anville kì í rìnrìn àjò. Páríìsì ló jókòó sí fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀, tó ń ka ìwé àwọn arìnrìn-àjò, tó ń fi ti ẹni kan wé ti ẹnì kejì bí adájọ́. Ibi tí kò bá ti rí ẹlẹ́rìí, ó pa odò rẹ́, ó pa ìlú rẹ́, ó lé erin jáde.

Mo rò pé iṣẹ́ akin ni. Ẹ wò ó: ó ń bá àwọn tó ní erin pín ọjà, òun sì ń ta àlàfo. Ìgbà tí ọwọ́ ayàmáàpù gbà láti fi ibi kan sílẹ̀ ní òfìfo ni iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í di ìmọ̀ ìjìnlẹ̀. Bàbá Wọnlẹ̀ ì bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.

Síbẹ̀ mo ń wo funfun náà, inú mi kò dùn tán. Ọ̀yọ́-Ilé wà níbẹ̀ ní 1749, ẹṣin ń wọlé, ẹṣin ń jáde. Àwọn oníṣòwò tó ń gba ọ̀nà yẹn lọ bọ̀ mọ gbogbo odò tó wà láàárín wọn àti Hausa. Wọ́n rí i. Kò sí ẹni tó bi wọ́n léèrè ní Páríìsì, nítorí náà ẹ̀rí wọn kò dé orí bàbà. Àlàfo d'Anville sọ òtítọ́ nípa d'Anville. Nígbà tó di sẹ́ńtúrì tó tẹ̀ lé e, àwọn kan wo irú àlàfo bẹ́ẹ̀, wọ́n ṣe bí ẹni pé ilẹ̀ tí kò ní onílẹ̀ ni.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi "wọ́n ní" dí i. Obìnrin náà yọ máàpù kẹta, ti Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n tẹ̀ ní nǹkan bí àárín sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún. Òkè gígùn kan na tàn-án gba ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kọjá. Òkè Kong ni wọ́n pè é. James Rennell, ọ̀gá nínú ìmọ̀ ilẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, ló yà á ní 1798 fún ìtàn ìrìn àjò Mungo Park. Park sọ pé òun rí òkè lókèèrè. Rennell, tó gbà pé odò Ọya kò lè kọjá sí gúúsù, fa òkè yẹn gùn di ògiri tó dá odò náà dúró, ó sì ní inú ilẹ̀ níbi kan ni omi rẹ̀ ń gbẹ sí. Ọgbọ́n orí ni, ó sì bára mu. Òkè náà kò sí. Wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ lórí máàpù kan lẹ́yìn òmíràn fún bí àádọ́rùn-ún ọdún, títí Louis-Gustave Binger, ọmọ ogun Faransé kan, fi rin agbègbè náà tó sì padà wá ní 1889 láti sọ pé òun kò rí òkè kankan.

Odò Ọya ní tirẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ Rennell ṣáájú. Ní 1830, Richard Lander àti àbúrò rẹ̀ John gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, wọ́n gba ilẹ̀ Yorùbá kọjá dé Ọ̀yọ́-Ilé, wọ́n wọ ọkọ̀ ní òkè odò, wọ́n sì bá omi lọ títí ó fi gbé wọn dé òkun. Pasko, ọmọ Hausa, ló ń túmọ̀ èdè tó sì ń mọ̀nà fún wọn, bó ti ṣe fún Hugh Clapperton lójú ọ̀nà kan náà ní ọdún márùn-ún ṣáájú. Lórí máàpù kẹta yìí, àbájáde rẹ̀ hàn: "Yarriba" gbòòrò káàkiri, "Katunga" sì wà lókè rẹ̀, orúkọ tí àwọn Hausa ń pe Ọ̀yọ́-Ilé. Ìlú yẹn ti tú láàárín àwọn ọdún 1830. Bàbà kò gbọ́. Àǹfààní bàbà ni pé wọ́n lè fi òòlù lu ẹ̀yìn rẹ̀ kí ibi tí wọ́n fín yọ padà, kí wọ́n dán an, kí wọ́n tún un fín. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ni, owó ni, ìlú tó ti tú sì lè dúró pẹ́ lórí awo ju bó ti dúró lórí ilẹ̀ lọ.

Mo béèrè iye tí d'Anville jẹ́. Àbúrò mi túmọ̀ rẹ̀, ó wò mí, ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jẹ́ ká máa lọ." Kí a tó jáde, mo tọrọ àyè láti fi àtàǹpàkò kan etí rẹ̀. Ojú awo wà níbẹ̀.

A kọrí sí gúúsù. Àwọn bíríkìtì idẹ kéékèèké wà lójú ọ̀nà ní Páríìsì tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ kọjá láìwò wọ́n. Ìbú ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ sẹ̀ǹtímítà méjìlá, orúkọ ARAGO ló wà lára rẹ̀, lẹ́tà N lókè, S nísàlẹ̀. Jan Dibbets, ayàwòrán ará Nẹ́dálándì, ló ri 135 nínú wọn mọ́lẹ̀ ní 1994 láti fi ìlà òró Páríìsì hàn, ìlà tí àwọn ará Faransé fi ń ka ayé kí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tó fẹnu kò sí ti Greenwich ní 1884. Àwọn Faransé kò tilẹ̀ yí aago wọn sí i títí di 1911. Wọ́n ti jí àwọn bíríkìtì kan gbé. Nínú ọgbà Luxembourg, a wá wọn bí ọmọdé tó ń wá àgbọn. Àbúrò mi rí mẹ́ta, èmi rí ọ̀kan.

Ilé àwọn awòràwọ̀ wà lórí ìlà náà gan-an. Ọba Louis Kẹrìnlá ló ní kí wọ́n kọ́ ọ ní 1667. Iṣẹ́ ibẹ̀ ló sọ ìbéèrè Bàbá Wọnlẹ̀ di ìṣirò. Bí ibì kan ṣe jìnnà sí àríwá tàbí gúúsù tó, ìràwọ̀ tàbí oòrùn á sọ fún ọ. Bí ó ṣe jìnnà sí ìlà oòrùn tàbí ìwọ̀ oòrùn tó ni ìṣòro, nítorí pé aago ló ń sọ ìyẹn: wákàtí kan jẹ́ dígírì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Báwo lo ṣe máa mọ ohun tí aago ń lù ní Páríìsì nígbà tí o wà ní Cayenne lẹ́yìn òkun? Jean-Dominique Cassini, ará Ítálì tí ọba pè wá, ní kí wọ́n wo òkè. Júpítà ní òṣùpá mẹ́rin tí wọ́n ń fi awò rí, èyí tó súnmọ́ ọn jù sì ń wọ inú òjìji rẹ̀ ní gbogbo wákàtí méjìlélógójì àti ààbọ̀, láìyẹ̀. Aago tí gbogbo ayé lè rí nìyẹn. Cassini kọ àkókò wọn sílẹ̀. Àwọn tó rán jáde á wo ìgbà tí òṣùpá náà wọlé níbi tí wọ́n wà, wọ́n á fi wé ti Páríìsì, ìyàtọ̀ rẹ̀ ni ìjìnnà.

Ní 1669 àti 1670, Jean Picard fi onígun mẹ́ta mẹ́tàlá wọn ilẹ̀ lọ sí àríwá Páríìsì. Wọ́n á fi ẹsẹ̀ àti ọ̀pá wọn ìlà kan péré, pẹ̀lú sùúrù. Ìyókù, wọ́n á dúró lórí ilé ìṣọ́ tàbí òkè, wọ́n á fi awò wọn igun, wọ́n á sì ṣírò rẹ̀. Mo mọ iṣẹ́ yìí. Èmi ni mo di orí ẹ̀wọ̀n mú. Nígbà tí wọ́n so onígun mẹ́ta mọ́ òṣùpá Júpítà, etí òkun Faransé wọlé wá. Máàpù tí wọ́n tẹ̀ ní 1693 fi ìlà tuntun sí inú ìlà àtijọ́, ilẹ̀ tó sọnù láàárín méjèèjì sì hàn sójútáyé. Wọ́n máa ń ròyìn pé ọba ṣàwàdà pé àwọn awòràwọ̀ òun gba ilẹ̀ lọ́wọ́ òun ju ọ̀tá lọ. Ní 1700, Guillaume Delisle lo irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ láti gé òkun Mẹditaréníà, tí Ptolemy ti fi nǹkan bí ogún dígírì nà kọjá bó ṣe yẹ. Ọmọ-ọmọ Cassini, César-François, ló wá gbé máàpù gbogbo Faransé dìde, awo bàbà méjìlélọ́gọ́sàn-án, tí ẹsẹ̀ kan lórí bébà jẹ́ ẹsẹ̀ 86,400 lórí ilẹ̀. Ìrandíran mẹ́rin ni ìdílé náà fi wà lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Lẹ́yìn ọgbà àwọn awòràwọ̀, lẹ́bàá títì, ìdúró ère kan wà tí kò ní ère. François Arago, awòràwọ̀ tí orúkọ rẹ̀ wà lára àwọn idẹ náà, ló dúró sórí rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní 1942, nígbà tí Jámánì ń ṣàkóso Páríìsì, wọ́n gbé ère náà lọ yọ́. Òkúta lásán ló kù, bíríkìtì kan sì wà lára rẹ̀.

Mo ní kí àbúrò mi mú fóònù rẹ̀ jáde, kí ó tẹ 2 dígírì àti ogún mínítì sí i, kí ó sì máa fa ìka rẹ̀ bọ̀ wá sílẹ̀ láìyà sọ́tùn-ún, láìyà sósì. Ó fà á kọjá òkun, ó fà á kọjá Àljíríà àti gbogbo iyanrìn Sàhárà. Ó wọ orílẹ̀-èdè Benin. Ó dúró.

"Bọ̀dá mi, Ṣábẹ̀ẹ́ nìyí lápá ọ̀tún. Ìdáàṣà nìyí lápá òsì. Àárín wọn ló gbà."

"Ó gbà á lọ dé ẹ̀gbẹ́ Kútọnu, kó tó bọ́ sómi."

Ó fi fóònù lé mi lọ́wọ́. A padà sẹ́yìn lọ síbi tí a ti rí bíríkìtì tó kẹ́yìn lórí ilẹ̀, ó nu eruku ojú rẹ̀ pẹ̀lú bàtà, ó sì fi gìgísẹ̀ méjèèjì tẹ orí lẹ́tà N.

"Ẹ yà mí," ó ní, "ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí S yẹn hàn dáadáa."